Ẹsẹ̀ tó lè dé ọjà, ẹsẹ̀ tó lè gbá bọ́ọ̀lù

Tẹ́ ẹ bá ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n tí ẹnìkan bá ṣubú tí kò dìde mọ́, ẹ máa rí i pé kámẹ́rà máa yíjú kúrò níbẹ̀ kíá, wọ́n á gbé sítírẹ́ṣà wọlé, àwọn èrò á pàtẹ́wọ́, bọ́ọ̀lù á tún máa lọ. Ìgbà tẹ́ ẹ bá tún máa gbọ́ orúkọ ẹni yẹn, wọ́n á ní ó ti padà, ó ti gbá góòlù wọlé, ẹ bá a yọ̀. Ohun tó wà láàárín méjèèjì yẹn, ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́. Èmi ti gbé inú àárín yẹn, òun ni mo fẹ́ sọ lónìí, torí àwọn ọmọbìnrin kan wà tí mo mọ̀ ní Kubwa àti Mararaba, lágbègbè Abuja níbí, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ gbígbẹ báyìí, tí wọ́n rò pé tí ẹsẹ̀ bá kán, dókítà á tún un ṣe, ó parí.

Kò parí o. Ẹsẹ̀ tó lè gbé èèyàn lọ ọjà Wuse kó sì gbé e padà, àti ẹsẹ̀ tó lè sáré tẹ̀lé ọmọ ọdún méjìdínlógún kan létí ìlà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ti àkọ́kọ́, ọsibítù lè bá ẹ ṣe é. Ìkejì, ìwọ fúnra ẹ lo máa wá a kiri, lówó ara ẹ, nígbà tí gbogbo èèyàn ti ń sọ fún ẹ pé ara ẹ ti yá.

Tèmi ṣẹlẹ̀ lórí pápá kan lápá Nyanya nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ ti gbẹ débi pé bọ́ọ̀lù ń ta kọjá orí wa. Wíńgà apá òsì ni mí nígbà yẹn, ẹni tó ń sáré létí ìlà. Èmi àti ọmọbìnrin kan jọ lé bọ́ọ̀lù tí kò tíì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kàn án, òun náà gbé ara ẹ̀ dé, kò fẹ́ ṣe mí léṣe, mo ti sọ fún un títí pé kó yéé bẹ̀ mí. Mo gbọ́ ìró kan, mo rò pé ṣín-gáàdì, ike tá a fi ń bo ojúgun, ló ṣẹ́. Ìgbà tí mo wo ìsàlẹ̀ ni mo rí i pé ìbọ̀sẹ̀ mi ti ní igun níbi tí kò yẹ kó ti ní igun. Eegun ojúgun méjèèjì ló kán, èyí ńlá àti èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èyí ńlá sì ti gún awọ jáde.

Àwọn kan ń pariwo Jésù, àwọn kan ń pariwo inna lillahi, kóòṣì wa kàn dì orí mú ni. Ẹni tí orí ẹ̀ pé lọ́jọ́ yẹn ni bàbá Hausa tó ń ta ṣáì àti indomie létí pápá. Ó lé àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ dìde, ó fa pákó tí wọ́n jókòó lé yọ, ó rọra gbé e sábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó fi ìborùn ẹnìkan dè é lókè àti nísàlẹ̀, ó ní kẹ́nikẹ́ni má fà á, kẹ́nikẹ́ni má dà omi sí i. "Sannu, sannu," ló ń sọ títí wọ́n fi gbé mi sínú Sienna. Mo ti padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n pákó òun ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà Nyanya sí AYA mọ ohun tí ojú mi rí nínú gó-sílóò yẹn, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé tí eegun bá ti yọ síta, kì í ṣe eegun ni dókítà kọ́kọ́ ń sáré lé, kòkòrò àìfojúrí ni. Iyanrìn pápá, ìdọ̀tí ìbọ̀sẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ti wọnú egbò. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ antibáyọ́tíìkì, wọ́n gún mi ní ti tẹ́tánọ́ọ̀sì, wọ́n gbé mi wọ tíátà, wọ́n fi omi iyọ̀ fọ ojú egbò náà, omi iyọ̀ tó pọ̀ gan-an, wọ́n gé ẹran tó ti kú dànù, wọ́n wá fi irin sí ìta ẹsẹ̀ mi, àwọn ọ̀pá ẹ̀ wọnú eegun lókè àti nísàlẹ̀, kó lè di ẹsẹ̀ náà mú títí egbò á fi mọ́. Iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ yẹn ò tíì kan títún eegun ṣe rárá. Inú bí mi nígbà tí wọ́n sọ fún mi, mo ní kí ni mo wá wọ tíátà ṣe? Ìgbà tó yá ni mo ka ìtàn Alex Smith, ọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà fún ẹgbẹ́ Washington. November 2018 ni ojúgun ẹ̀ kán, eegun yọ síta bíi tèmi, kòkòrò wọ ẹran ibẹ̀, ó kù díẹ̀ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ yẹn, ó kù díẹ̀ kí òun gan-an kú, iṣẹ́ abẹ 17 ni wọ́n ṣe fún un. October 2020 ló tó tún tẹ pápá. Ọkùnrin tó lówó lọ́wọ́ tí gbogbo dókítà Amẹ́ríkà yí ká nìyẹn o. Mo bá dákẹ́, mo jẹ́ kí wọ́n máa fọ̀ ọ́.

Ìyá mi ni ò dákẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n wà, wọ́n sì mọ bàbá kan níbẹ̀ tó ń to eegun, tó to ti ẹ̀gbọ́n wọn nígbà tó já bọ́ lórí ọ̀kadà. Wọ́n pe Àǹtí mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Kubwa, àbúrò wọn ni, wọ́n ní, "Gbé ọmọ mi wá sílé, irin kí lẹ fẹ́ kì bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ọmọ tí ò tíì lọ́kọ?" Àǹtí mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, eegun ọmọ yìí ti rí ìta." Wọ́n fà á títí kírẹ́díìtì tán, wọ́n tún pe ara wọn padà lórí WhatsApp.

Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ìyá mi rẹ́rìn-ín. Àwọn bàbá yẹn mọṣẹ́. Tí eegun bá kán tí awọ ò bẹ́, tí kò sì yẹ̀ púpọ̀, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti tò tó jinná, a kúkú mọ̀ wọ́n nínú ẹbí wa. Wọ́n á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, wọ́n á to tòun náà, wọ́n ní ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni aláìsàn náà á rìn. Ibi tó ti ń le ni oparun tí wọ́n fi ń dè é. Ẹsẹ̀ tó kán máa ń wú, tí ìdè bá wá fún un jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní ríbi gbà dé ìka ẹsẹ̀, ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà nínú wọ́ọ̀dù tó dojú kọ tiwa, abúlé kan lápá Niger ni wọ́n ti gbé e wá, ọ̀dọ̀ ẹni tí àwọn Hausa ń pè ní mai dori ló kọ́kọ́ lọ. Kíkán tiẹ̀ ò tó tèmi rárá, awọ ẹ̀ ò tiẹ̀ bẹ́, ṣùgbọ́n ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ti dúdú kó tó dé. Wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún. Ọjọ́ tí ìyá mi dé Abuja tí wọ́n rí ọmọ yẹn lórí kẹ̀kẹ́, wọn ò dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́.

Iṣẹ́ abẹ kejì ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé mi ò ní sùn. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ní ọ̀pá ẹ̀yìn, láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ ò sí lára mi mọ́, ṣùgbọ́n ojú mi là, etí mi là. Wọ́n ta aṣọ kan síwájú mi kí n má bàa rí nǹkan. Tíátà tutù débi pé eyín mi ń lu ara wọn. Mo wá ń gbọ́. Wọ́n gbẹ́ inú eegun, mo gbọ́. Wọ́n fi òòlù lu irin, gbàù, gbàù, gbogbo ara mi ń mì lórí tábìlì ṣùgbọ́n kò dùn mí, ó kàn ń ṣe mí bíi pé wọ́n ń kọ́ ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ìlọrin, ló dúró níbi orí mi. "Àbúrò mi, má gbọ́ tiwọn, èmi ni kó o máa gbọ́. Ẹgbẹ́ wo lò ń tì lẹ́yìn?" Mo ní Arsenal. Dókítà dá òòlù dúró, ó ní, "Háà, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ló ń yọ ọmọ yìí lẹ́nu." Gbogbo tíátà bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú irin tó wà láàbọ̀ lẹ́sẹ̀ mi.

Ẹ̀yin ará ilé Arsenal, ẹ mọ̀ pé ìtàn ẹsẹ̀ kíkán ò ṣàjèjì sí wa. Ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù wa Eduardo kán ní Birmingham, 23 February 2008. Ti Ramsey náà kán ní Stoke, February 2010. Mo ti wo fídíò méjèèjì rí, láti ìgbà yẹn mi ò wò wọ́n mọ́.

Irin náà gùn tó ojúgun mi. Àárín ojúgun ló kán, ṣùgbọ́n iwájú orúnkún ni wọ́n gbà wọlé, lábẹ́ eegun roboto tó wà níbẹ̀, wọ́n tì í bọ inú mùdùnmúdùn eegun títí dé ìtòsí ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n wá fi síkúrù dè é lókè àti nísàlẹ̀ kó má bàa yí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí dòní, ojúgun mi ò dùn mí, orúnkún ló ń dùn mí tí mo bá kúnlẹ̀, ìyá mi ò gbà, wọ́n ní mi ò fẹ́ kí wọn dáadáa mọ́ ni. Dókítà ará Jámánì kan, Gerhard Küntscher, ló mú irú irin inú eegun bẹ́ẹ̀ wọ iṣẹ́ ìṣègùn ní nǹkan bí 1940. Níbi tí nǹkan ti rọ̀ṣọ̀mù, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ ẹ́síréè wo irin náà bó ṣe ń wọlé níṣojú wọn. Ọ̀pọ̀ ọsibítù wa ò ní ẹ̀rọ yẹn. Lewis Zirkle, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ abẹ nígbà ogun Vietnam, ló dá àjọ kan tó ń jẹ́ SIGN sílẹ̀ ní 1999, wọ́n ń ṣe irin tí dókítà lè fi sí i láìsí ẹ̀rọ yẹn rárá, wọ́n sì ń fi í ta àwọn ọsibítù lọ́rẹ ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Irú ẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo máa ń ronú nípa bàbá yẹn nígbà mí ì tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn.

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, ẹ kúkú mọ ìyókù ẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́ọ̀dù ò gba èrò. Ẹgbẹ́ tí mò ń gbá bọ́ọ̀lù fún wá, wọ́n gbé ọsàn àti máàtì wá, wọ́n yà fọ́tò, wọ́n san díẹ̀ nínú dípọ́síìtì, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Fóònù wọn ò gbé mọ́ nígbà tó di owó irin. Mo gbé ìwé tí mo fọwọ́ sí lọ́dọ̀ wọn jáde, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n kọ iye tí wọ́n máa bù nínú owó mi tí mo bá pẹ́ dé tíréníǹ, wọ́n kọ ọ́ pé mi ò gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ mí ì sọ̀rọ̀, kò sí ìlà kan ṣoṣo tó dárúkọ ọsibítù. FIFA ní ètò kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2012 tó ń sanwó fún ẹgbẹ́ tí agbábọ́ọ̀lù wọn bá fara pa nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè ẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mélòó nínú wa ló ń gbá fún Super Falcons? Òfin NHIA, àjọ ìṣúráǹsì ìlera ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ìṣúráǹsì ìlera, mi ò tíì rí agbábọ́ọ̀lù líígì kékeré kan tó mú káàdì tiẹ̀ jáde fún mi rí. Àwọn ọmọbìnrin tá a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ló dáwó lórí WhatsApp, àwọn tí owó oṣù tiwọn náà ò tíì wọlé, ìyá mi ta aṣọ òfì, Àǹtí mi yá owó kọ́píráétíìfù ní ọ́fíìsì wọn. Ẹsẹ̀ wíńgà, ti ẹgbẹ́ ni nígbà tó bá ń sáré, tó bá kán ó di ti ìyá ẹ̀.

Ojúgun sábà máa ń tó oṣù 4 sí 6 kó tó mú, èyí tí eegun ẹ̀ ti yọ síta lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tèmi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí dókítà gbé ẹ́síréè sókè tó ní eegun ti mú, ìyá mi jó nínú ọ́fíìsì ẹ̀. Gbogbo àdúgbò gbọ́. Hajiya tó wà lójúlé kejì gbé kunu wá, wọ́n ní Allah ya kara sauki. Pásítọ̀ ní kí n wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Èmi wá ń wo ẹsẹ̀ mi. Itan ọ̀tún ti gbẹ, ó kéré sí ti òsì débi pé ẹni tí ò mọ nǹkan kan á rí i, ọrùn ẹsẹ̀ mi ò tẹ̀ dáadáa, mo sì ń tiro. Eegun ti mú lóòótọ́, àwọn iṣan tó ń gbé eegun kiri ni wọ́n ti sùn.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àwa agbábọ́ọ̀lù ti ń dẹ́kun, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ kán. Torí dókítà ti ní kó o máa lọ, owó ti tán nílé, ó ti ń ti èèyàn lójú láti tún béèrè owó físíò, ìtọ́jú tó ń mú kí iṣan lágbára padà, nígbà tó o ti ń fẹsẹ̀ ara ẹ rìn. Ta ló máa dáwó fún ẹni tó ń rìn?

Ọmọ Ẹdẹ ni físíò mi, Bọ̀dá ni mò ń pè wọ́n, wọ́n dín owó kù fún mi, wọ́n sì ní kí n máa ṣe ìyókù nílé kí n lè máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi, ó jọ ìránù lójú mi: kí n na ẹsẹ̀, kí n ki táwẹ̀lì sábẹ́ orúnkún, kí n fún iṣan itan mi pọ̀, kí n fi orúnkún tẹ táwẹ̀lì náà mọ́lẹ̀. Ó parí. Mo gbìyànjú ẹ̀, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Mò ń wo itan ara mi, mò ń pàṣẹ fún un, kò mira. Itan tí mo fi ń sáré láti ìgbà tí mo wà ní pámárì. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ yẹn ju ti ọjọ́ tó kán lọ, Bọ̀dá kàn fún mi ní tíṣù, wọ́n ní tún un ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá di gbígbé ẹsẹ̀ nínà, kírọ́ṣì méjì, kírọ́ṣì kan, àtẹ̀gùn ilé Àǹtí mi, tẹ́ ẹ bá ń gòkè ẹsẹ̀ tó dáa ló ń kọ́kọ́ lọ, tẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ èyí tó ń ṣàìsàn ló ń kọ́kọ́ lọ, ẹ rántí o, mo ti rí ẹni tó yí i padà tó ṣubú. Mo ń fẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan dúró tí mo bá ń fọ eyín, tó bá yá Bọ̀dá ní kí n dijú. Mo ń bínú sí wọn. Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi pé eegun máa ń le níbi tí ẹrù bá ti ń tẹ̀ ẹ́, tí mo bá ń kẹ́ ẹ, mo ń sọ fún un pé kó máa rọ̀ ni. Nígbà tí ìfò dé, wọ́n mú tépù tẹ́lọ̀ jáde, kí n fẹsẹ̀ òsì fò, wọ́n wọ̀n ọ́n, kí n fẹsẹ̀ ọ̀tún fò, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ní títí ti ọ̀tún á fi dé ó kéré tán 90% ti òsì, mi ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ènìyàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lọ ọjà ní gbogbo ìgbà yẹn o. Mo ń ru garawa omi. Àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò tíì padà sórí pápá, àbí mo ti ń ṣe ọ̀lẹ.

Lóru, tí dátà bá wà, mo máa ń ka ìtàn àwọn tó ti gba ọ̀nà yẹn. Victor Boniface wa, ọmọ Àkúrẹ́, iṣan orúnkún ẹ̀ já lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó ṣì kéré ní Norway, ó sì gba líígì Jámánì pẹ̀lú Leverkusen ní 2024. Ronaldo ti Brazil, iṣan orúnkún ẹ̀ já ní April 2000 lọ́jọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló lò lórí pápá, ní 2002 ó gbá góòlù 8 ní Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù. Wọ́n dùn ún kà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń mú mi bínú díẹ̀, torí ìparí wọn ti dùn jù.

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù ni ti Valeriy Brumel, ará Soviet, olùfò sókè tó gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Tokyo ní 1964. 2.28 mítà ló fò ní 1963, kò sẹ́ni tó fò jù ú lọ láyé nígbà yẹn. Ní 1965, alùpùpù gbé e ṣubú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ bàjẹ́, ọdún mélòó kan ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ abẹ fún un tí eegun ò mú. Dókítà kan tó wà ní Kurgan, ní Siberia, Gavriil Ilizarov, ló gbà á là, ó fi òrùka irin àti wáyà yí ẹsẹ̀ náà ká. Irú òrùka bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò ní àwọn ọsibítù eegun wa títí dòní fún ẹsẹ̀ tó kọ̀ tí kò mú. Brumel tún fò, ó fò ju mítà 2 lọ. Kò dé 2.28 mọ́ láyé ẹ̀. Ó fò ó ṣá o. Lóru ọjọ́ tí mo ka èyí ni ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀, torí Bọ̀dá ti ń sọ fún mi látìgbà náà, mi ò fẹ́ gbọ́, pé ìsáré mi lè má rí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Kò sì rí bẹ́ẹ̀. Àárín ni mo ń gbá báyìí, níwájú àwọn dìfẹ́ǹsì. Mi ò sáré púpọ̀, mò ń dúró síbi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Ìbẹ̀rù ló pẹ́ jù kó tó lọ, eegun mú, itan padà, ìfò dé 90%, síbẹ̀ tí ẹnìkan bá ti ń bọ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi á ti sá sẹ́yìn kí n tó rò ó. Kóòṣì tuntun mi ò pariwo mọ́ mi, ó ní kí n bá àwọn ọmọ kékeré gbá ná, àwọn tí wọn ò wúwo, tó bá yá àwọn tó jù wọ́n lọ. Bó ṣe lọ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn.

Ẹgbẹ́ tuntun yìí fún mi níwèé ṣáájú kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé wọn, ìyá kan láti Kábbà, na bírò sí mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ẹsẹ̀ mi bá tún kán ńkọ́? Mi ò rí i níbí." Wọ́n ní, "Háà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Mo ní, "Àmín mà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀." Wọ́n wojú mi, wọ́n pe ọ̀gá wọn, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ títí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìgbà tí wọ́n padà dé, wọ́n fi bírò kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé náà, pé ẹgbẹ́ ló máa san owó ọsibítù àti owó físíò títí agbábọ́ọ̀lù á fi padà sórí pápá. Mo ní kí wọ́n sàìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n sàìnì, èmi náà sàìnì.